Ọwọ́ Dà?

Nígbà tí orí mi kò tíì ga kọjá ìbàdí ìyá mi, Krofrom ni a ń gbé, ní Kumasi nílẹ̀ Gánà, nínú ilé kan tí Yorùbá kún inú rẹ̀ bámú. Ẹ̀yin tí ẹ ń ka ọ̀rọ̀ yìí, bí ẹ bá dé Krofrom lónìí, ẹ ò ní gbà pé bẹ́ẹ̀ ló rí. Nígbà náà, bí ẹnì kan bá sín nínú yàrá tó kángun sí ilé ìdáná, "pẹ̀lẹ́" ni yóò máa gbọ́ títí dé ẹnu ọ̀nà títì. Kò sí ẹni tó ń dá ṣàìsàn nínú ilé yẹn.

Abẹ́rẹ́, òwú, bọ́tìnnì àti síìpù ni ìyá mi ń tà ní ọjà ńlá. Ọjọ́ tí kò bá sí ilé ìwé, èmi àti rẹ̀ la jọ ń fẹsẹ̀ rìn lọ. Ojú irin wà lọ́nà, ọkọ̀ akẹ́rù sì ń sáré bí ẹni tó jí nǹkan. Ìyá mi kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀. Ẹrù wà lórí rẹ̀, kò lè wolẹ̀ wò mí. Bí a bá ti dé ibi tí a fẹ́ sọdá, á kàn na ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀ sẹ́yìn, á ní, "Ọwọ́ dà?" Èmi á sì ki ọwọ́ mi bọ inú tirẹ̀. Ó di ìgbà tí a bá sọdá tán kó tó fi í sílẹ̀. Àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ le, abẹ́rẹ́ ti gún un káàkiri, ṣùgbọ́n mi ò mọ ibòmíràn láyé tí ọkàn mi ti balẹ̀ tó bẹ́ẹ̀.

Àwọn ọmọ Àṣáńtì tí a jọ ń ṣeré a máa fi wá ṣe yẹ̀yẹ́. Lédè Twi, ọ̀wọ́ ni wọ́n ń pe ejò. Bí ẹnì kan bá sì ní "ọ̀wọ́ da", ohun tó ń sọ ni pé ejò wà nílẹ̀. Nítorí náà, bí ìyá mi bá ti lanu pé "Ọwọ́ dà?", ńṣe ni wọ́n á fò sókè, wọ́n á máa sá kiri, wọ́n á máa rẹ́rìn-ín. Ìyá mi pàápàá a máa rẹ́rìn-ín, á ní ejò tòun kì í bu ni jẹ. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi ọ̀rọ̀ yìí sọ́kàn, nítorí èmi tó yẹ kí n fi sọ́kàn, mo gbàgbé rẹ̀.

Nígbà tó yá, ìjọba ní kí àwọn àlejò tí kò níwèé máa lọ sílé wọn. Ilé wa tú ká. Ìwé bàbá mi pé, ìyẹn la fi dúró. Mo dàgbà, mo lọ́kọ, mo kó lọ sí Ayigya, nínú Kumasi kan náà, mo ṣí ṣọ́ọ̀bù kékeré kan sí ẹ̀bá yunifásítì. Twi ni mo ń bá àwọn ọmọ mi sọ, torí ó yá mi lẹ́nu. Bàbá mi kú, ó wá ku ìyá mi nìkan ní Krofrom. Nígbà tó lé ní àádọ́rùn-ún ọdún, iyè rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í ṣá. Gẹ̀ẹ́sì ló kọ́kọ́ lọ, Twi tó ti fi ń tajà láti ìgbà ọ̀dọ́ rẹ̀ tẹ̀lé e, ó wá ku Yorùbá.

Mo wá obìnrin kan láti Dichemso pé kó máa tọ́jú rẹ̀. Opó ni, ó ti lé díẹ̀ ní àádọ́ta ọdún. Kò gbọ́ Yorùbá, ṣùgbọ́n ó lójú àánú; Nana, ìyẹn ìyá àgbà, ló ń pe ìyá mi. Èmi náà ń lọ síbẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹta lọ́sẹ̀, èmi ni mo ń túmọ̀ ohun tí ìyá mi bá sọ. Àwọn ìyá ìjọ wa a máa yà síbẹ̀ lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun láti kọrin fún un.

Kòrónà wá dé. Wọ́n ti Kumasi pa, sójà dúró sójú títì. Rédíò ń pariwo pé àwọn arúgbó ni àrùn náà ń pa jù, kí a má sún mọ́ wọn. Èmi fúnra mi ń wúkọ́. Mo pe obìnrin náà lórí fóònù, mo ní kó má padà sí Dichemso, kó máa sùn lọ́dọ̀ ìyá mi, kó bo imú, kó gbé oúnjẹ sórí àpótí lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibùsùn kó sì sún sẹ́yìn, kó má fọwọ́ kàn án bí kò bá di dandan. Èmi ni mo sọ ọ́. Mo tún un sọ lẹ́ẹ̀mejì kó lè yé e.

Lọ́jọ́ kẹrin, ó pè mí. "Àǹtí, mepa wo kyɛw, ẹ má bínú, Nana ní ejò wà nínú yàrá. Mo ti wo abẹ́ bẹ́ẹ̀dì, mo ti tú àpótí aṣọ, mi ò rí nǹkan kan."

Mo ní kó wọ́n kẹrosíìnì sí ẹnu ọ̀nà. Lọ́jọ́ kejì ó tún pè, ejò náà ni. Lọ́jọ́ kẹta, ó tún pè. Ó ní igi ló wà lọ́wọ́ òun látàárọ̀, pé Nana ń nawọ́ sílẹ̀ tọ́ka sí i, òun ò sì rí i. Ó bẹ̀ mí pé kí n wá ẹni tí yóò gbà á sílẹ̀ fún ọjọ́ kan péré, kóun lè sinmi. Mo ní ta ni mo fẹ́ rí lásìkò yìí? Mo ní kó ní sùúrù, Ọlọ́run ń bẹ. Ẹ wo bí ọ̀rọ̀ yẹn ṣe rọrùn tó lẹ́nu ẹni tó jókòó sílé ara rẹ̀.

Ẹ lè bi mí pé kí ló dé tí mi ò bá ìyá mi sọ̀rọ̀. Mo ní kó gbé fóònù sí i létí, ṣùgbọ́n ìyá mi ò mọ ohun tí fóònù jẹ́ mọ́, á kàn dákẹ́, á máa mí. Obìnrin náà kò sì sọ ọ̀rọ̀ tó gbọ́ fún mi, ìtumọ̀ rẹ̀ ló ń sọ. Mo gbà pé arúgbó ń ṣèrànrán. Mo ní kó ra oògùn oorun. Ìyá mi sùn, kò pe ejò mọ́, mo sì kúnlẹ̀ dúpẹ́. Lọ́jọ́ karùn-ún lẹ́yìn ìyẹn, kò jí.

Kò sẹ́ni tó yẹ̀ ẹ́ wò bóyá àrùn náà ni, ṣùgbọ́n bí ẹni tó ní in la ṣe sin ín. Àjèjì tó wọ aṣọ ọ̀rá ló gbé e. Mi ò fọwọ́ kàn án.

Nígbà tí wọ́n ṣí ìlú, obìnrin náà wá sí Ayigya láti dá kọ́kọ́rọ́ padà. Ó ti rù. Mi ò mọ ohun tó mú mi béèrè bí ìyá mi ṣe máa ń sọ ọ̀rọ̀ ejò yẹn. Ó gbé àpò rẹ̀ sílẹ̀, ó na ọwọ́ ọ̀tún sẹ́yìn, ó la àtẹ́lẹwọ́.

"Ọwọ́ dà?" ló ní. "Bó ṣe máa ń sọ ọ́ nìyẹn, Àǹtí. Ejò wà nílẹ̀."

Mo jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀. Ó rò pé ọ̀fọ̀ ló mú mi. Títí di òní mi ò ṣàlàyé fún un, nítorí kò jẹ̀bi, ìyà tó sì jẹ nínú yàrá yẹn tó o. Wọ́n ní bí òkété bá dàgbà, ọmú ọmọ rẹ̀ ní í mu. Ìyá mi fẹ́ sọdá, ó ń wá ọwọ́, kẹrosíìnì ni èmi ọmọ rẹ̀ ní kí wọ́n fún un.

Láyé ìgbà tí mo ń sọ yìí, bí ìtọ́jú arúgbó bá ti rẹ ẹnì kan, ẹlòmíràn nínú ilé á gbà á. Nísinsìnyí, a ó fi arúgbó kan sọ́wọ́ ẹnì kan ṣoṣo, a ó ti ilẹ̀kùn mọ́ àwọn méjèèjì, a ó wá máa fi fóònù ṣàánú wọn. Wọ́n ní kòrónà ti lọ. Ó lè ti lọ lọ́dọ̀ tiyín.

Èmi náà ti ń gbàgbé nǹkan. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, mo fẹ́ pe ìgbálẹ̀ lédè Twi, mi ò rí i lẹ́nu. Àwọn ọmọ mi ò gbọ́ Yorùbá, ẹjọ́ tèmi ni. Mo wá pe ọmọ-ọmọ mi obìnrin, mo ní ó kéré tán kó mọ ọ̀rọ̀ méjì péré. Mo na ọwọ́ mi sẹ́yìn, mo ní, "Ọwọ́ dà?"

Ó fò sórí àga, ó ń wolẹ̀, ó ń rẹ́rìn-ín. Ọwọ́ mi ṣì wà lẹ́yìn níbẹ̀, mo ń dúró dè é.