Ilé Ẹrù Tó Gbé Orúkọ Rẹ̀ Lé Abẹ́rẹ́

Ẹni tó bá fẹ́ mọ ìtàn ilé ẹrù tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ gáréèjì wa ní Òmù-Àrán, kó má lọ bi àwọn tó kàwé. Wọn á sọ fún un pé ọmọ ìlú wa kan tó rí owó l'Ékòó ló dá a sílẹ̀, pé bọ́ọ̀sì márùn-ún ló fi ń gbé ẹrù káàkiri. Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n èmi tí mo fi ẹ̀yìn ti ògiri wọn ta àpò ìdọ̀họ, okùn àti òwú, láti ìgbà tí ọmọ mi àkọ́kọ́ ti ń rákò títí ó fi lọ sílé ọkọ, mo mọ̀ pé abẹ́rẹ́ kan ṣoṣo ni gbogbo orúkọ wọn rọ̀ mọ́.

Nígbà owó epo, ẹrù ń ti Èkó wá bí òjò. Gbogbo ẹni tó bímọ sí Èkó ló ń gba fáànù, wàrà inú agolo, àti bàtà tí kò ba ẹsẹ̀ ẹnikẹ́ni mu nínú ilé. Obìnrin kan ní Òmùpò gba fíríìjì nígbà tí iná kò tíì dé àdúgbò wọn. Aṣọ ló ń kó sínú rẹ̀, ó sì ń tì í gbọin, bí ẹni pé àwọn aṣọ náà fẹ́ sá lọ. N kò fi í rẹ́rìn-ín lójú rẹ̀. Mo dúró kó yí ẹ̀yìn padà.

Ilé ẹrù mìíràn wà nígbà náà. Ohun tó mú tiwa yàtọ̀ ni pé wọn kì í fi ẹrù tó ń lọ sí Èkó sínú ọkọ̀ láìrán ẹnu rẹ̀ pọ̀. Bàbá kan láti Ìjàrà-Ìsin ló ń ṣe é. Aránṣọ ni tẹ́lẹ̀. Òun àti ẹni tó ni ẹrù á jọ wo ohun tó wà nínú àpò, á gbé e wọ yàrá ẹ̀yìn, á rán an, á tún gbé e jáde kí ẹni tó ni ín rí i kó tó máa lọ. Òwú pupa ló ń lò, ipa abẹ́rẹ́ rẹ̀ á sì tò tẹ̀léra, gbogbo wọn á tẹ̀ sí ọ̀tún bí oko àgbàdo tí atẹ́gùn fẹ́ lù. Bí ẹrù bá dé Èkó, ipa abẹ́rẹ́ yẹn ni wọ́n kọ́kọ́ ń wò kí wọ́n tó fi bíléèdì tú u. Bó bá pé, kò sẹ́ni tó ti ọwọ́ bọ̀ ọ́ lọ́nà.

Àwọn èèyàn ń fi abẹ́rẹ́ Bàbá búra. Mo gbọ́ tí ìyàwó ilé kan sọ fún ọkọ rẹ̀ létí ìsọ̀ mi pé, "Baálé mi, ọ̀rọ̀ yín yìí kì í ṣe àpò tí Bàbá rán o. Wọ́n ti tú u lọ́nà." Okùn ni ọkọ náà rà, ó sì bá tirẹ̀ lọ.

Nígbà tí nǹkan le, ẹrù yíjú padà. Àwọn ọmọ Èkó kò fi wàrà ránṣẹ́ mọ́. Àwọn ìyá wọn ló ń fi gààrí, irú àti iṣu gbígbẹ ránṣẹ́ sí wọn. Bọ́ọ̀sì márùn-ún di méjì, àwọn méjèèjì sì ń wúkọ́ bí arúgbó. Àpò mi tà ju ti ìgbà owó epo lọ. Ebi ló ń rà á lọ́wọ́ mi. N kò lè sọ pé inú mi dùn, n kò sì lè sọ pé inú mi ò dùn. Ó kàn rẹ̀ mí ni. Gbogbo ìlú ló rẹ̀.

Ìgbà yẹn gan-an ni ojú Bàbá bẹ̀rẹ̀ sí í ṣú. Láàárọ̀ ọjọ́ kan, mo gba ilẹ̀kùn ẹ̀yìn wọlé láti gbé òwú fún un, mo bá a níbi tó ti ń ki òwú bọ afẹ́fẹ́. Mo gba abẹ́rẹ́ náà, mo fi òwú bọ̀ ọ́, mo dá a padà fún un. Lọ́jọ́ kejì, òun fúnra rẹ̀ ló na abẹ́rẹ́ sí mi. Kí ọjà tó ná lẹ́ẹ̀mẹta, èmi ni mo ń rán àpò nínú yàrá ẹ̀yìn, Bàbá á kàn gbé e jáde.

Ẹ má bi mí pé kí ló dé. Iṣẹ́ yẹn nìkan ló kù fún un. Oko kò ṣeé fi ojú tó ṣú ro, àwọn ọmọ rẹ̀ l'Ékòó náà sì ń dúró de gààrí. Bí ilé ẹrù bá mọ̀ pé kò ríran mọ́, ilé ni wọn á ní kó máa lọ.

Ohun kan wà níbẹ̀ ṣá. Ọlọ́wọ́ òsì ni mí. Ìyá mi nà mí títí kí n má bàa fi òsì jẹun, kí n má bàa fi í gba nǹkan lọ́wọ́ àgbà, mo sì gbọ́. Ṣùgbọ́n abẹ́rẹ́ kì í ṣe àgbà. Òsì ni mo fi ń rán nǹkan, òsì sì ni ipa abẹ́rẹ́ mi ń tẹ̀ sí. Fún ọdún mẹ́ta kò sẹ́ni tó kíyè sí i. Bàbá olùkọ́ kan tó ti fẹ̀yìn tì ní Èsìẹ́ tilẹ̀ máa ń na ìka sí iṣẹ́ ọwọ́ mi, á ní bí wọ́n bá di òun lójú, òun á mọ̀ pé Bàbá ló rán an. Mo máa ń fi ìborí bo ẹnu kí n tó rẹ́rìn-ín.

Bàbá olùkọ́ yìí kan náà ló fi ẹran ìgbẹ́ gbígbẹ ránṣẹ́ sí ọmọ rẹ̀. Gààrí dé Èkó, àpò dé, ẹnu rẹ̀ sì wà ní rírán. Ẹran kò dé. Ọmọ dá àpò náà padà sílé tòun ti òwú lára rẹ̀. Kó tó di ọ̀sán, gbogbo gáréèjì ti gbọ́ pé Bàbá jẹ ẹran olùkọ́. Mánẹ́jà ilé ẹrù sì ti Ìlọrin dé ní ọjọ́ kẹta, tòun ti táì lọ́rùn nínú oòrùn bẹ́ẹ̀.

Ó fẹ́ fi àpò olùkọ́ wé ọwọ́ Bàbá. Ó ní kí Bàbá rán àpò kan lójú gbogbo wa. Mo ti sáré fi òwú bọ abẹ́rẹ́, mo fi sí i lọ́wọ́, mo ṣe bí ẹni ń ṣe àánú àgbàlagbà. Bàbá jókòó. Kò wo àpò rárá. Ìka rẹ̀ ló ń wá ọ̀nà fúnra rẹ̀. Nígbà tó parí, gbogbo ipa abẹ́rẹ́ náà tẹ̀ sí ọ̀tún, bí ìgbà tó ṣì ń ríran. Ti àpò olùkọ́ rí wúruwùru bí ipa ẹsẹ̀ adìyẹ. Àwọn èèyàn mí kanlẹ̀. Èmi náà mí.

Àfi bí mánẹ́jà ṣe yíjú sí àpò mẹ́rin tó ń dúró de ọkọ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri. Ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó wò wọ́n títí. Gbogbo wọn tẹ̀ sí òsì.

Ó ní, "Bàbá, àwọn wọ̀nyí ńkọ́? Ta ló tú wọn, tó tún wọn rán?"

Bàbá mọ ìdáhùn. Kò sọ ọ́. Ó gbé ọwọ́ lé orúnkún méjèèjì. Olùkọ́ ní ẹ ò rí i bí, inú ilé níbí ni olè ti ń jà, kí ẹrù tó wọ ọkọ̀ rárá.

Mo ní, "Èmi ni mo rán wọn. Láti ọdún mẹ́ta ni mo ti ń rán wọn."

Mánẹ́jà na abẹ́rẹ́ sí mi. Mo fi òsì gbà á, àwọn èèyàn sì kùn sí ọwọ́ òsì mi ju bí wọ́n ṣe kùn sí olè lọ. Mo rán an. Ó bá àpò mẹ́rin mu, kò bá ti olùkọ́ mu. Ẹran olùkọ́ ti wà nínú ikùn ẹnì kan lójú ọ̀nà Èkó. Bàbá kì í ṣe olè, ó hàn sí gbogbo ayé.

Mánẹ́jà wá rọ ohùn. Ó na ọwọ́ síwájú, ó ní, "Bàbá, ìka mélòó rèé?"

Bàbá ní, "Ẹ jẹ́ kí n mú fìlà mi."

Ara ìṣó ni fìlà náà wà. Ọwọ́ rẹ̀ kò ṣì í. Ó dé e, ó gba ọ̀nà ilé lọ.

Lẹ́yìn rẹ̀, ilé ẹrù bi mí bóyá mo lè kọ̀wé, kí n lè gba ipò Bàbá. Mo ní àpò ni ẹ fẹ́ rán àbí lẹ́tà? Wọ́n mú akọ̀wé wá, ó ń fi gọ́ọ̀mù lẹ pépà mọ́ ẹrù. Òjò ń wẹ̀ ẹ́ kúrò, gààrí Èsìẹ́ ń lọ sílé ọmọ ìlú Bàbáńlá l'Ékòó. Kí ọyẹ́ tó dé lẹ́ẹ̀kejì, wọ́n ti ta bọ́ọ̀sì méjèèjì. Símẹ́ǹtì ni wọ́n ń kó sínú ilé náà báyìí. Àwọn kan ní ọdún líle ló pa á. Olùkọ́ ní ọwọ́ òsì mi ni. N kò bá ẹnikẹ́ni jiyàn.

Nígbà tí mo kọ́kọ́ lọ kí Bàbá ní Ìjàrà-Ìsin, mo bá a lórí àga níwájú ilé. Ó ní òun ti mọ̀ tipẹ́ pé òsì ni mo fi ń rán àpò, pé kò sí èyí tí ọwọ́ òun kì í kàn kó tó jáde. Mo ní kí ló dé tí kò fi sọ. Ó ní bí òun bá sọ ọ́, ta ni ì bá wá rán an?

Ó wá ní, "Ìyá Alápò, ó yẹ kí o dákẹ́ lọ́jọ́ náà."

Mo ní, "Wọn ì bá pè yín lólè."

"Wọn ì bá pè mí lólè. Ṣùgbọ́n kí wọ́n tó rí ẹ̀rí, ǹ bá ṣì ní ibi tí mò ń lọ láàárọ̀."

Mo tú abẹ́rẹ́ mẹ́wàá jáde nínú ọjà mi, mo fi òwú bọ gbogbo wọn, mo gún wọn mọ́ àkísà kan lára ògiri níbi tí ọwọ́ rẹ̀ tó. Àwọn aládùúgbò ń gbé àpò tó ya wá fún un. Bí mo bá lọ lẹ́yìn ọjà, òwú á ti tán lára gbogbo abẹ́rẹ́ náà, mo sì máa ń jókòó fi òmíràn bọ̀ wọ́n.