Màmá Dín-in àti Àwọn Tí Ń Ta Ìwé Àlòkù

Ìtàn tí gbogbo ẹbí kọ́kọ́ máa ń sọ nípa olóògbé Màmá Dín-in ni ti ọjọ́ tí ó bá ẹ̀rọ ná ọjà láti òwúrọ̀ títí oòrùn fi kan àtàrí.

Ó rí ìwé àtijọ́ kan nípa aṣọ rírán lórí íńtánẹ́ẹ̀tì, lọ́dọ̀ ilé ìtàwé àlòkù kan. Ó tẹ ọ̀rọ̀ ránṣẹ́ láti orí fóònù rẹ̀ pé kí wọ́n bá òun dín in kù. Kò tíì gbé ìka kúrò tí èsì fi wọlé: "Ẹ ṣeun tí ẹ kàn sí wa. A mọ rírì yín púpọ̀."

"Ọmọ tó mọ̀wà á hù nìyí," ni Màmá wí. Ó tún tẹ̀ ẹ́ pé, "O ṣeun, ọmọ mi. Ìyá rẹ ńkọ́? Ṣé ara wọn le? Èló lo máa gbà gan-an?"

"Ẹ ṣeun tí ẹ kàn sí wa. A mọ rírì yín púpọ̀."

"Háà, èyí gbọ́n o. Kò fẹ́ dá mi lóhùn lórí owó. Oníṣòwò gidi ni."

Àbúrò rẹ̀ ọkùnrin, káfíńtà tó ti fẹ̀yìn tì, tí wọ́n jọ ń gbé inú ilé kan náà, yọjú láti yàrá. "Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ̀rọ lẹ ń bá sọ̀rọ̀ o. Kò sí èèyàn níbẹ̀."

"Ẹ̀rọ tí ń sọ pé ẹ ṣeun? Ìwọ tí wọ́n bí ní bíbí, ìgbà wo lo sọ ọ́ kẹ́yìn?"

Nígbà tó yá, ẹni tó ni ilé ìtàwé náà jókòó sídìí iṣẹ́, ó ka gbogbo ọ̀rọ̀ náà láti òkè délẹ̀. Ó pe Màmá, ẹ̀rín kò sì jẹ́ kó lè sọ̀rọ̀ dáadáa. Ó ní ìdajì owó lòun máa gbà, torí láti ìgbà tí òun ti ń lo ẹ̀rọ yẹn, kò sẹ́ni tó béèrè àlàáfíà ìyá rẹ̀ rí.

Aránṣọ ni Màmá, aṣọ àwọn ọmọ iléèwé ló ń rán títí ẹ̀yìn fi ní ó tó gẹ́ẹ́. Ọmọbìnrin rẹ̀ ra fóònù fún un kí ó lè máa rí ojú àwọn ọmọ-ọmọ rẹ̀. Ojú ìwé ló gbájú mọ́. Ó ní àwọn ọmọ ò ní sá lọ, ṣùgbọ́n ìwé tí òun ò bá rà lónìí, ẹlòmíràn á ti gbé e lọ kí ilẹ̀ tó mọ́. Kì í sì í ra ìwé tuntun. Ó ní ìwé tuntun ò tíì bá èèyàn gbé rí, kò mọ nǹkan kan.

Ìgbà kan, ìwé kan dé tí àárín rẹ̀ ti já dànù. Màmá pe obìnrin tó tà á fún un.

"Ìwé yín dé o, ṣùgbọ́n inú rẹ̀ ṣófo."

"Ẹ má bínú, Màmá. Ẹ dá a padà, a ó san owó yín fún yín."

"Ta ló ní mo fẹ́ dá a padà? Mo ti ka ìbẹ̀rẹ̀, mo ti ka ìparí. Ohun tó ṣẹlẹ̀ láàárín ni kí ẹ wá sọ fún mi."

Obìnrin náà rò pé àwàdà ni. Màmá ń pè é lójoojúmọ́, pẹ̀lú ohùn jẹ́jẹ́ àti ìkíni tó gùn, títí obìnrin náà fi lọ wá ẹ̀dà mìíràn rí, tó ka àárín ìwé náà fún un lórí fóònù bí ẹni ń ka ìròyìn. Nígbà tó parí, ó mí kanlẹ̀. Màmá dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, ó wá ní kó tún ìparí orí kẹta kà, torí pé ó sáré níbẹ̀.

Àbúrò rẹ̀ ló ń kan pẹpẹ tí ìwé ń gbé. Bó bá ti kan ọ̀kan tán, á búra pé ìkẹyìn nìyẹn. Lọ́jọ́ kan, ó ju òòlù sílẹ̀. "Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ ṣàánú mi. Ògiri ti tán nínú ilé yìí."

Màmá wò yíká. "Ṣé ti yàrá tìrẹ náà ti tán ni?"

Ṣùgbọ́n nínú gbogbo ìwé wọ̀nyẹn, ọ̀kan ṣoṣo ló ń wá lóòótọ́. Atẹ̀wé ni bàbá wọn láyé àtijọ́ tí wọ́n ń fi ọwọ́ to lẹ́tà òjé ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Bàbá tẹ ìwé kékeré kan fún àwọn agbẹ̀bí, lórí bí a ṣe ń tọ́jú ìkókó, ó sì jẹ́ kí Màmá, tó ṣì kéré nígbà náà, to ìlà kan ṣoṣo: "Ẹ fi omi tó lọ́ wọ́ọ́wọ́ wẹ ọmọ kí ó tó sùn." Ọmọdé dorí "m" kan kodò, ó di "w". Wọn kì í sì í sábà fi àmì sórí ọ̀rọ̀ láyé ìgbà yẹn. Bí ìwé ṣe jáde nìyẹn tó ń pàṣẹ pé kí wọ́n wẹ ọwọ kí ó tó sùn. Àwọn agbẹ̀bí ń wá sí ṣọ́ọ̀bù, wọ́n ń rẹ́rìn-ín di ikùn mú, wọ́n ń béèrè bí ọwọ́ ṣe ń sùn. Màmá sá pamọ́ sẹ́yìn ẹ̀rọ ìtẹ̀wé, ó sunkún. Bàbá kò bá a wí. Lẹ́yìn ọdún mélòó kan, omíyalé gbé ṣọ́ọ̀bù náà lọ pẹ̀lú gbogbo ohun tó wà nínú rẹ̀. Kò ku ohun kan tí a lè nawọ́ sí pé iṣẹ́ ọwọ́ bàbá nìyí.

Dókítà ojú wá sọ fún Màmá pé ìmọ́lẹ̀ ojú rẹ̀ ń dín kù.

"Dókítà, gbogbo ohun tó wà láyé ni mo fẹ́ kó dín kù," ni ó wí, "àyàfi èyí."

Ó délé, ó di wíwá kíkankíkan. Ó fẹ lẹ́tà orí fóònù rẹ̀ títí ọ̀rọ̀ kan fi ń kún ojú rẹ̀. Àbúrò rẹ̀ bẹ̀ ẹ́ kó fi ojú sinmi. Ó ní ojú á rí àkókò sinmi tó bá yá, ìwé ni kò ní dúró. Bó ṣe rí ìwé bàbá wọn nìyẹn, lọ́wọ́ bàbá arúgbó kan tí ń ta ìwé nínú gáréèjì ilé rẹ̀, lókè òkun. Ó pè é lójú ẹsẹ̀.

"Kò ní àbùkù kankan, Màmá," ni bàbá náà wí. "Ó mọ́ tónítóní."

"Ẹ jọ̀ọ́, ẹ ṣí ibi ìwẹ̀ ìkókó. Ẹ ka ìlà tó gbẹ̀yìn fún mi."

Ìwé dún pẹ́rẹ́pẹ́rẹ́. "Ẹ fi omi tó lọ́ wọ́ọ́wọ́ wẹ..." Ó tún un wò. "Wẹ ọwọ́ kí ó tó sùn? Ọwọ́ kẹ̀?"

Màmá gbé fóònù mọ́ àyà. Bàbá náà rò pé ó ti bínú. "Ẹ má bínú, Màmá, mi ò rí àṣìṣe yẹn tẹ́lẹ̀. Ẹ jẹ́ kí n dín in kù. Kódà, ẹ mú un ní ìdajì."

"Ẹ ò gbọdọ̀ dín in."

"Ẹ ní kí ni?"

"Mo ní ẹ ò gbọdọ̀ dín kọ́bọ̀ níbẹ̀. Lẹ́tà yẹn gan-an ni mò ń rà."

Àbúrò rẹ̀ sáré gbé omi tútù wá, ó fi ẹ̀yìn ọwọ́ kan iwájú orí rẹ̀, ó ní, "Ẹ̀gbọ́n mi, ṣé kí n pe dókítà?"

Nígbà tí ìwé náà dé, ojú Màmá kò fi bẹ́ẹ̀ ríran mọ́. Àbúrò rẹ̀ fi ìka Màmá lé orí lẹ́tà náà, ó dì í mú síbẹ̀. Ó wá ṣí ojú ìwé àkọ́kọ́, ó kà á sókè: "Ìtẹ̀jáde kejì. A ti ṣe àtúnṣe sí gbogbo àṣìṣe inú rẹ̀."

Màmá ní kó tún un kà. Ó tún un kà. Àwọn méjèèjì mọ iṣẹ́ bàbá wọn: bí ìwé bá ti jáde tán, wọ́n á tú gbogbo lẹ́tà ká, bí wọ́n bá sì fẹ́ tún un tẹ̀, wọ́n á tò ó láti ìbẹ̀rẹ̀. Bàbá ti tún gbogbo ìyókù ṣe. Nígbà tó dé ìlà yẹn, ọwọ́ ara rẹ̀ ló fi dorí "m" náà kodò.

"Ó fi tèmi sílẹ̀," ni Màmá wí.

Láti ìgbà yẹn, àbúrò rẹ̀, tí kì í ka ohunkóhun ju àmì orí rúlà lọ, ló ń kàwé fún un lọ́sọ̀ọ̀sán. Kì í kà á dáadáa, á sì máa fo ìlà nígbà tí oorun bá ń kùn ún. Màmá a ní, "Padà síbẹ̀, ìwọ ọmọ yìí," á sì padà.

Ọ̀sán ọjọ́ kan, ó fo odindi ojú ìwé kan, Màmá kò sọ nǹkan kan. Àbúrò rẹ̀ gbójú sókè, ó wò ó níbi tó jókòó sí. Ó fi ẹ̀yìn ọwọ́ kan iwájú orí rẹ̀, ó ti tutù. Ó wá padà sí ibi tó ti fò, ó kà á fún un jẹ́jẹ́, kò fi ọ̀rọ̀ kan sílẹ̀, títí dé ìsàlẹ̀ ojú ìwé náà, kí ó tó dìde lọ pe àwọn ọmọ.