Atúnhùnṣe àti Tíṣà Tí Ò Lóhùn

Yinniyinni, kẹ́ni ṣèmíì: ẹ jẹ́ kí n yin obìnrin kúkúrú kan tó ń ṣiṣẹ́ nílé ìwòsàn. Atúnhùnṣe ni gbogbo wọn ń pè é, torí ẹni tí ohùn ẹ̀ bá ti dàrú, òun ni wọ́n ń fà á lé lọ́wọ́. Ọdún méjìlélógún ló ti ń ṣe é, nínú yàrá tí ò ju àga mẹ́ta àti dígí kan lọ. Iṣẹ́ ọ̀hún yé e yékéyéké.

Lọ́jọ́ kan, tíṣà kan wọlé tòun tìyàwó ẹ̀. Ìyàwó ló ń sọ̀rọ̀. Ó ní òtútù mú ọkọ òun, ohùn ẹ̀ há, ni ọkọ náà bá ní kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́ lòun á máa sọ̀rọ̀ kí ohùn lè sinmi. Òtútù lọ, oṣù mẹ́rin kọjá, kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́ náà ló ṣẹ́ kù. Ọ̀gá ilé ìwé wá ní tó bá di ọjọ́ Ajé, ẹlòmíì ló máa gba kíláàsì ẹ̀. Ọkùnrin tó jẹ́ pé kíláàsì yẹn layé ẹ̀. Ó ká èèyàn lára.

"Ṣé jẹjẹrẹ ni?" tíṣà béèrè. Afẹ́fẹ́ lásán ló ń jáde lẹ́nu ẹ̀.

"Rárá, sà. Dókítà ti fi kámẹ́rà wo ọ̀fun yín láàárọ̀, kò sí kókó, kò sí egbò. Ẹ bá mi wúkọ́."

Tíṣà wo ìyàwó ẹ̀. Ó wúkọ́, ikọ́ náà sì dún ketekete.

Inú Atúnhùnṣe dùn. Ohun táwa yòókù máa gbójú fò ló ń wá.

"Ohùn tó gbé ikọ́ yẹn jáde, tiyín ni. Kò lọ síbì kankan. Kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́ tẹ́ ẹ fi ń dá a sí yẹn ló mú kí iṣan ọ̀fun yín le. Ọ̀pọ̀ èèyàn ló ń ṣe bẹ́ẹ̀, sà."

Ó rọra ń fi ìka méjì ra gògóńgò tíṣà, ó ní kó panu dé, kó wúkọ́ díẹ̀, kó fa ìdí ikọ́ náà gùn bí ẹni tó ń kùn. Ohùn náà já. Wọ́n tún un ṣe. Ó tún já. Tó bá jẹ́ èmi ni, mi ò ní purọ́, màá ti kanra. Obìnrin yìí ò kanra. Ó bá a kùn títí tí kíkùn fi di "màmá", tí "màmá" fi di odindi ọ̀rọ̀. Ó ń gbọ̀n, ó ṣì há díẹ̀, ṣùgbọ́n ohùn gidi ni. Ìyàwó bú sẹ́kún.

Atúnhùnṣe fa bébà yọ. "Ẹ ṣì máa ṣe ìdánrawò yìí fún ọ̀sẹ̀ díẹ̀. Ẹ jẹ́ kí n kọ lẹ́tà sí ọ̀gá yín."

Tíṣà mi orí pé rárá. Ó gba fóònù lọ́wọ́ ìyàwó ẹ̀, ó tẹ nọ́ńbà.

"Ọ̀gá, ẹ kú iṣẹ́. Èmi ni. Ẹ má fún ẹnikẹ́ni ní kíláàsì mi."