Tòlótòló Inú Agbọ̀n Obì

Òórùn èèpo obì tó ti rà nínú omi ni mo fi ń rántí ilé ọkọ mi ní Ìjókù, ní Ṣàgámù. Láti ẹnu ọ̀nà ló ti máa ń ta síni nímú, á wọ aṣọ, á wọ irun, bí o wẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì kò ní lọ. Ìyá ọkọ mi ló ń ṣòwò obì. Wọ́n á rà á lọ́wọ́ àwọn àgbẹ̀, wọ́n á rẹ ẹ́ sómi, wọ́n á bó o, wọ́n á tò ó sínú agbọ̀n tí wọ́n fi ewé tẹ́, wọ́n á wá gbé e sí yàrá dúdú ẹ̀yìn ilé kó làágùn fún ọjọ́ bíi mélòó kan kí wọ́n tó gbé e lọ fáwọn oníbàárà wọn ní Sábó. Ìyá mọ iṣẹ́ yẹn dáadáa, mi ò ní purọ́ mọ́ wọn. Wàhálà tó wà níbẹ̀ ni pé gbogbo nǹkan ayé ni wọ́n ń fi ojú obì wò.

Ìyàwó tuntun ni mí nígbà náà, láyé ìjọba àwọn olóṣèlú, lẹ́yìn tí àwọn sójà gbé e sílẹ̀ fún wọn. Kí n tó lọ́kọ, mo ti ṣiṣẹ́ ọdún mẹ́ta nílé ìdáná ilé ìwòsàn kan, lábẹ́ ọ̀gá obìnrin kan tí kì í rẹ́rìn-ín. Ibẹ̀ ni mo ti mọ bí wọ́n ṣe ń tọ́jú ẹran tó dì bí òkúta. Ní ilé ọkọ mi, èmi nìkan ló mọ̀ ọ́n, ṣùgbọ́n ta ló ń béèrè ọ̀rọ̀ lọ́wọ́ ìyàwó àná?

Bàbá ọkọ mi ṣẹ̀ṣẹ̀ ti ilé ìwòsàn dé. Ìgbẹ́ gbuuru ló fẹ́rẹ̀ẹ́ gbẹ̀mí wọn. Aṣọ ń já bọ́ léjìká wọn, ọ̀pá ni wọ́n fi ń rìn dé ẹ̀yìnkùlé. Dókítà ti kìlọ̀ fún wa pé bí inú yẹn bá tún bàjẹ́ lẹ́ẹ̀kan sí i, ara wọn kò ní lè gbà á mọ́. Ẹ̀gbọ́n ọkọ mi wá fi tòlótòló kan ránṣẹ́ láti Èkó fún ìdúpẹ́ ọjọ́ Àìkú. Àárọ̀ Sátidé ni awakọ̀ gbé e dé, nínú ọ̀rá àti àpò, yìnyín ṣì mú un le gbagidi. Bàbá na ọ̀pá sí i, wọ́n ní, "Itan kan níbẹ̀, tèmi ni." Ó ti pẹ́ tí oúnjẹ kankan ti wù wọ́n jẹ.

Kí n tó yíjú, Ìyá ti gbé ẹran náà sínú agbọ̀n obì. Wọ́n fi ewé bò ó, wọ́n da àpò lé e, wọ́n gbé e wọ yàrá dúdú tó máa ń móoru tọ̀sán-tòru yẹn.

"Tó bá fi máa di àárọ̀ ọ̀la, á ti làágùn tán," ni wọ́n wí.

Fún obì, òtítọ́ ni. Ṣùgbọ́n òde ẹran á ti yọ́, á ti máa bàjẹ́, nígbà tí inú rẹ̀ ṣì jẹ́ yìnyín. Ṣé ìyẹn la fẹ́ gbé fún ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bọ́ lọ́wọ́ ikú? Fíríìjì wa kéré, kò lè gba odidi tòlótòló. Mo bá wọ yàrá, mo gbé e jáde, mo fa omi kànga kún bàsíà ńlá, mo rì í sínú omi náà láì tú ọ̀rá rẹ̀. Bí nǹkan bí ọgbọ̀n ìṣẹ́jú bá ti kọjá, màá da omi nù, màá fa òmíràn. Bí ọ̀gá mi ṣe kọ́ mi nìyẹn: omi tútù, kó má sì pẹ́ lójú kan.

Omi kẹta ni mo ń fà lọ́wọ́ tí Ìyá fi jáde.

"Ta ló ní kí o gbé e?"

Mo kúnlẹ̀ lórí orúnkún méjèèjì nínú ẹrẹ̀ ẹ̀bá kànga. "Èmi ni, Ìyá. Ẹ má bínú."

"Ó dáa. Gbé e padà."

"Mi ò ní gbé e padà, Ìyá."

Ọkọ mi yọjú lójú fèrèsé. "Ṣáà gbé e padà kí ilé tòrò," ló wí. Mo wò ó, mo gbójú kúrò.

Ìyá ní, "Ṣé bí wọ́n ṣe tọ́ ẹ nílé yín nìyí?" Ọ̀rọ̀ yẹn dùn mí dé egungun. Mo ní, "Wọ́n tọ́ mi, Ìyá, ìdí nìyẹn tí mo fi kúnlẹ̀. Ṣùgbọ́n inú Bàbá kò lè gba ẹran tó bàjẹ́."

Wọ́n ní, bó bá jẹ́ omi ni mo fẹ́, kí n kúkú da omi gbígbóná sí i. Mo ní rárá, omi gbígbóná á se òde rẹ̀, inú rẹ̀ á ṣì jẹ́ yìnyín. Ìyá pòṣé. Wọ́n ní bí ẹran náà bá ṣe Bàbá ní nǹkankan, kí n kẹ́rù mi máa lọ sílé bàbá mi.

Wákàtí mẹ́fà gbáko! Ọwọ́ mi bó, ẹnikẹ́ni kò bá mi fa okùn kànga. Nígbà tó yá, mo tú ọ̀rá, mo ki ọwọ́ bọ inú ẹran, kò sí yìnyín mọ́. Mo fa ìwe tí wọ́n dì síbẹ̀ jáde, mo gé ẹran náà, mo fi ọṣẹ fọ ọwọ́ àti ọ̀bẹ, mo sè é lójú ẹsẹ̀ títí ó fi ń ṣí lára egungun. Oòrùn kò tíì wọ̀ tí mo fi gbé itan àti ìwe síwájú Bàbá. Wọ́n jẹ ẹ́, wọ́n fọ́ egungun. Ìyá jókòó sẹ́nu ọ̀nà, wọn kò fẹnu kàn án, wọn kò sì gbójú kúrò lára ọkọ wọn. Ìgbà yẹn ni mo rí i pé ẹ̀rù tó ń bà mí náà ló ń bà wọ́n.

Lọ́jọ́ kejì, Bàbá jí, wọ́n rìn dé ẹ̀yìnkùlé lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, inú wọn kò bàjẹ́, wọ́n padà wá bi mí pé, "Ìyàwó, itan kejì ńkọ́?"

Ọ̀sẹ̀ méjì ni Ìyá kò fi dá mi lóhùn. Láràárọ̀ ni mò ń kúnlẹ̀ kí wọn, tí mò ń dìde bá iṣẹ́ mi lọ. Àwọn èèyàn máa ń bi mí bóyá mo padà tọrọ àforíjì. Lórí kí ni? Ìkúnlẹ̀ jẹ́ ẹ̀tọ́ wọn, mi ò fi dù wọ́n rí. Ṣùgbọ́n ẹni tó kúnlẹ̀ kò sọ pé òun ti fọ́jú. Bàbá tún lo ọdún mẹ́sàn-án lókè eèpẹ̀. Mi ò lè bẹ ẹnikẹ́ni nítorí ọdún mẹ́sàn-án yẹn.