Àwọn Sójà Òdìkejì Odò

Ọjọ́ tí à ń kọ ebè fún ẹ̀gbọ́n mi ni ọmọ mi ọkùnrin kan ṣoṣo, tó jẹ́ sójà, ti bárékè dé. Oko náà kò jìnnà sí ìlú Glei, ní ilẹ̀ Togo. Béèyàn bá nàró níbẹ̀, á máa rí orí àwọn ọkọ̀ ẹrù tó ń gba títì lọ sí Atakpamé àti Anié. Ẹ̀gbẹ́ igi ni mo ti ń ṣiṣẹ́, nítorí láti ìgbà tí mo ti ti àríwá dé, n kì í fẹ́ kẹ́yìn sí ọ̀nà. Àwọn tí a jọ ń ṣe àáró mọ̀ bẹ́ẹ̀, wọ́n kàn máa ń fi ibẹ̀ sílẹ̀ fún mi.

Ọmọ náà kí wa, ó bọ́ bàtà, ó gba ọkọ́ lọ́wọ́ mi. Ó kọ ebè títí ó fi làágùn kó tó sọ ohun tó gbé e wá. Ó ní orílẹ̀-èdè wa àti àwọn kan tó yí wa ká ti jọ ṣe àdéhùn pé bí ogun bá ja ọ̀kan, gbogbo wọn ló jà. Ní báyìí, ogun ti wọ ilẹ̀ ọ̀kan nínú wọn. Ọ̀gá wọn kò fi ipá mú ẹnikẹ́ni, ó ní kí ẹni tó bá fẹ́ lọ fi orúkọ sílẹ̀.

Ó ní, “Mo fẹ́ lọ, Bàbá. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá ní kí n má lọ, mi ò ní lọ.”

Ẹ̀gbọ́n mi ló kọ́kọ́ fèsì. “Ta ni ogun jà ní ilé wa níbí?”

“Kò tíì dé ibí, Bàbá àgbà.”

“Ṣé o wá fẹ́ lọ pàdé rẹ̀ lọ́nà ni?”

Àwọn ènìyàn rẹ́rìn-ín díẹ̀. Èmi kò rẹ́rìn-ín. Ìyá ọmọ náà ti gbé iṣu sísè àti ata dé, ó sì ti gbọ́. Ó sọ agbọ̀n kalẹ̀.

“Ẹ jẹ́ kó jẹun ná,” ó ní, “kí ẹ tó máa rán an lọ síbi tí wọ́n ti ń kú.”

A jókòó sí abẹ́ igi. Ọmọ náà ní àáró kan náà ni àwọn orílẹ̀-èdè ń ṣe: lónìí oko tìrẹ, lọ́la oko tèmi.

“Àáró tiwa, ọkọ́ la ń gbé lọ,” ni ìyá rẹ̀ wí. “A sì máa ń padà wá jẹun alẹ́.”

Ẹ̀gbọ́n mi ní òun kò kórìíra àdéhùn, ṣùgbọ́n òun mọ àáró dáadáa. Ẹni tí oko rẹ̀ tóbi jù ló máa ń jẹ èrè jù. Àwọn mìíràn á sì gba iṣẹ́ ọwọ́ èèyàn tán, wọn ò ní san án padà. Gbogbo wa mọ ẹni tó ń bá wí. Ọkùnrin kan wà tí ilẹ̀ rẹ̀ bá tiwa pààlà. Lọ́dọọdún, bí a bá ti kọ ebè tirẹ̀ tán báyìí, ẹ̀yìn á bẹ̀rẹ̀ sí í dùn ún.

“Ẹ̀yìn rẹ̀ mọ àkókò,” ni ìyàwó mi wí. “Ó ju rédíò lọ.”

Ọmọ mi wá bi ẹ̀gbọ́n mi pé, “Kí ló dé tí ẹ ò tíì yọ ọ́ kúrò nínú àáró?”

Ẹ̀gbọ́n mi dáhùn. “Nítorí ibi tí oko rẹ̀ wà ni. Bí iná ẹ̀ẹ̀rùn bá wọ ibẹ̀ tí kò sẹ́ni tó bá a pa á, oko wa ló kàn. Bí a bá yọ ọ́, ta ni yóò pè wá nígbà tó bá rí èéfín?”

Ó sọ ọ́ bí ẹni pé ọ̀rọ̀ náà kò dùn mọ́ òun fúnra rẹ̀ nínú. Ọmọ mi kò yọ̀ ọ́. Ó yíjú sí mi.

“Bàbá, àwọn sójà tó wà ní òdìkejì odò lọ́jọ́ yẹn, ẹ ò sọ fún mi rí bóyá wọ́n rí yín.”

Iṣẹ́ bíríkìlà ló gbé mi dé ààlà àríwá. A ń kọ́ yàrá ìkẹ́kọ̀ọ́ ní ìletò kan tí n kò ní dárúkọ, nítorí àwọn tó ṣẹ́kù ṣì ń gbé ibẹ̀. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kan, bí a ṣe ń po sìmẹ́ǹtì, àwọn agbébọn tó ń gun alùpùpù wọlé, wọ́n ń yìnbọn. A sá lọ sí odò. Odò náà ni ààlà, orílẹ̀-èdè mìíràn ló wà ní òdìkejì. Àwọn sójà wọn dúró ní bèbè pẹ̀lú ìbọn lọ́wọ́. A ń pè wọ́n. Bẹ́ẹ̀ ni, wọ́n rí wa. Odò náà kò fẹ̀, mo rí ojú wọn pẹ̀lú. Ẹnì kankan nínú wọn kò kọjá. Àwa tó mọ bí a ti ń lúwẹ̀ẹ́ ló lúwẹ̀ẹ́ dé ọ̀dọ̀ wọn, wọ́n sì fà wá sókè. Àwọn tí kò mọ̀ ọ́n wà lẹ́yìn.

Ọ̀gá wọn fún mi ní omi mu. Ó ní bí òun bá kó ọmọ ogun kọjá láìsí ẹni tó rán òun, àwọn sójà tiwa lè rò pé ogun lòun gbé wá, kí wọ́n yìnbọn sí wọn. Kò sí àdéhùn kankan láàárín orílẹ̀-èdè méjèèjì nígbà náà. Ó pè, ó tún pè, kò sí ọ̀gá kankan tó fún un ní àṣẹ. Ó pẹ́ tí mo fi bínú sí i. Nísinsìnyí n kò mọ ohun tí ǹ bá ṣe bí mo bá jẹ́ òun.

Mo sọ gbogbo rẹ̀ lábẹ́ igi náà. N kò rò pé ó dára láti parọ́ fún ọmọ náà, bó tilẹ̀ jẹ́ pé mo rí ibi tí ọ̀rọ̀ náà ń gbé e lọ.

“Ká ní ọmọ ẹlòmíràn kọjá odò wá bá yín ńkọ́?” ó bi mí.

Mo ní, “Àwọn kan ì bá wà láàyè.”

“Ṣé kí n lọ?”

Mo fẹ́ sọ pé rárá. Ṣùgbọ́n ojú àwọn tó kù lẹ́yìn ní bèbè odò ni mò ń rí, n kò sì lè sọ ọ́ lójú wọn. Mo ní, “N kò ní dá ọ dúró.”

Ìyàwó mi dìde, ó kó àwọn abọ́. Nígbà tí a délé, tó ń di gàrí àti ata gbígbẹ fún ọmọ náà, ó ní, “O ti rán an lọ.”

“N kò rán an. N kò dá a dúró ni.”

“Ṣàlàyé ìyàtọ̀ rẹ̀ fún mi.”



Ọmọ mi ti wà lójú ogun báyìí. Ó máa ń pè nígbà tí nẹ́tíwọ́ọ̀kì bá wà. Ìyá rẹ̀ á gba fóònù, á bi í bóyá ó ti jẹun, á sì dá a padà fún mi láìwo ojú mi. Nígbà tó pè kẹ́yìn, ó ní ìyá arúgbó kan ní ìletò tí wọ́n ń ṣọ́ máa ń gbé omi wá fún wọn. Ohun kan náà ló máa ń bi í: ṣé wọn ò ní fi àwọn sílẹ̀ lọ? Ó ní òun kò mọ èsì tí òun lè fún un.

Mo ní kó má ṣe ìlérí fún un. Kó kàn sọ fún un pé àwọn wà níbẹ̀ lónìí.