Ọjọ́ Mẹ́ta tí Bámiṣayé fi Ara Rẹ̀ Dógò

Kò sẹ́ni tí kò gbọ́ ìtàn ọjọ́ mẹ́ta tí Bámiṣayé mẹkáníìkì fi jókòó sínú ọkọ̀ ojú omi ní Lọ́kọ́jà bí ẹrù tí olówó rẹ̀ kò tíì wá gbé. Ọdún 1984 ni. Olúṣínà agbaṣẹ́ṣe ń gbé ìyá rẹ̀, Màmá Àbẹ̀ní, lọ sí Ìlọrin fún iṣẹ́ abẹ. Dókítà ti ní bí àárọ̀ ọjọ́ kejì bá kọjá, ẹ̀pa ò bóró mọ́. Jíìpù ńlá ni wọ́n gbé, irú èyí tí kò ju méjì lọ nígboro. Wọ́n dé Natako, ní Lọ́kọ́jà níbẹ̀, lẹ́bàá ṣọ́ọ̀bù Bámiṣayé, jíìpù bẹ̀rẹ̀ sí í hó bí ìkòkò iṣu.

Bámiṣayé ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì. "Rọ́bà tó ń gbé omi lọ sínú ẹ́ńjìnnì ló bẹ́. Ọ̀gá, ẹ ò lè rí irú rẹ̀ nílùú yìí. Kàdúná ni, ó sì máa tó ọ̀sẹ̀ kan."

Olúṣínà káwọ́ lérí. Màmá sọ̀rọ̀ láti inú ọkọ̀: "Ẹ̀yin ọmọ, ẹ sáà bá mi wá ibi tí mo lè na ẹsẹ̀ sí."

Bámiṣayé ti gbéra. Etí odò ló sá lọ, lọ́dọ̀ Joseph, ọmọ Ígálà tó ń fi ọkọ̀ ẹlẹ́ńjìnnì gbé èrò sọdá.

"Joseph, yọ rọ́bà ẹ́ńjìnnì rẹ fún mi."

"Háábà! Kí ni tèmi á fi mu omi? Ẹ ò ní dá a padà. I know una."

"Èmi á jókòó sínú ọkọ̀ rẹ títí wọ́n á fi dá a padà. Bí wọn ò bá dá a padà, tà mí."

Joseph wò ó látòkè délẹ̀. "Ta ló máa rà ọ́?"

Ó yọ ọ́ fún un ṣá, ó sì di ẹ̀wù rẹ̀ mú lẹ́yìn títí dé Natako. Rọ́bà náà fẹ̀ jù díẹ̀. Bámiṣayé gé tíúbù kẹ̀kẹ́, ó fi wé ẹnu páìpù, ó fi wáyà dì í. Jíìpù gbéra. Òun náà padà lọ sínú ọkọ̀, ó jókòó.

Lọ́jọ́ kejì, Sarah ìyàwó rẹ̀ gbé oúnjẹ wá, ó bi Joseph bóyá ó lè bá òun tọ́jú rẹ̀ di ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀, torí pé ilé ti tòrò.

Lọ́jọ́ kẹta, Olúṣínà dé pẹ̀lú rọ́bà. Iṣẹ́ abẹ ti yọrí sí rere. Joseph kígbe pé, "Mẹkáníìkì, you don free!" Ṣùgbọ́n Bámiṣayé kò sọ̀ kalẹ̀. Ó ti tú ẹ́ńjìnnì Joseph palẹ̀ láti fọ̀ ọ́, kò sì tíì dì í tán.

Bẹ́ẹ̀ ló ṣe máa ń ṣe. Bí o bá gbé ọkọ̀ wá, kò ní jẹ́ kí o sọ̀rọ̀. "Ìwọ kọ́ lara ń ro. Jẹ́ kó fẹnu ara rẹ̀ sọ ọ́." Á wá gbé etí lé bọ́nẹ́ẹ̀tì. Nígbà kan, mẹkáníìkì mẹ́ta ti tú jíìpù ọ̀gá ìjọba kan tí ẹ́ńjìnnì rẹ̀ kọ̀ tí kò jí, wọ́n ti pààrọ̀ bátìrì, wọ́n ti yọ púlọ́ọ̀gì. Bámiṣayé tẹ́tí sí i, ó mi jíìpù náà lẹ́ẹ̀mejì, ó sì lọ fọwọ́. "Ebi ló ń pa á," ló wí. Ọwọ́ aago epo ló há síbi tó kún, kò sí epo kankan nínú táǹkì.

Àìsàn ló mú un lọ ní 1990, kò tíì pé ọmọ ọgọ́ta ọdún. Lọ́jọ́ ìsìnkú rẹ̀ ní Karaworo, àdúgbò kan ní Lọ́kọ́jà, Joseph ń sọ ìtàn ọkọ̀ ojú omi, àwọn èèyàn ń rẹ́rìn-ín, nígbà tí Màmá Àbẹ̀ní dé pẹ̀lú ọ̀pá rẹ̀. Wọ́n ti kìlọ̀ fún un pé àgbà kì í wo sàréè ọmọdé.

"Ẹ fi mí sílẹ̀," ni ó wí. "Ọdún mẹ́fà tí mo ti ń jí láàárọ̀ yìí, ta ló bá mi wá a?"

Ó rìn dé ẹnu sàréè. "Bámiṣayé, ìwọ ló yẹ kó sin mí. O ṣeun, ọmọ mi. O ṣeun."

Ó sọ ọ́ ju ìgbà mẹ́wàá lọ, kò sì sẹ́ni tó lè sọ fún un pé ó tó.