Igbá Àyà Mi

Dókítà tó ṣiṣẹ́ abẹ fún mi láyà jẹ́ ọ̀dọ́mọkùnrin tó fẹ́ràn àlàyé. Ó ní tọ́ráàsì tí òyìnbó ń pe ibẹ̀, èdè àwọn Gíríìkì àtijọ́ ni: ẹ̀wù irin tí jagunjagun ń gbé sáyà. Mo fẹ́ rẹ́rìn-ín, okùn tí ó fi rán mi ò jẹ́. Èmi tí mò ń sá fún àgbébọ̀ adìẹ!

Nígbà tí mo délé wa ní Ayétòrò, mo sọ ọ́ fún màmá mi. Wọ́n yọ ṣùtì.

"Irin wo? Igbá ni. Igbá àyà la bá lẹ́nu àwọn bàbá wa."

Ọmọ Ìmàṣàyí ni màmá mi; láti kékeré ni wọ́n ti ń fi abẹ́rẹ́ àti okùn gán igbá tó bá ya. Wọ́n tẹjú mọ́ àpá mi bí ẹni tó ń yẹ iṣẹ́ ẹlòmíràn wò, wọ́n ní ó gún.

"Ṣùgbọ́n igbá tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ gán, nǹkan gbígbẹ là ń bù sí i. Gàrí, èlùbọ́. A kì í tètè bu omi sí i."

Ọyẹ́ ń fẹ́, oògùn ń gbé mi sùn, ó ń gbé mi jí, n kò mọ òwúrọ̀ yàtọ̀ sí ìrọ̀lẹ́. Bàbá mi ni mò ń retí láti oko wọn ní Ìlárá, lẹ́bàá ẹnubodè. Bí mo bá pè wọ́n, obìnrin kan a fi Faransé dá mi lóhùn, jẹ́jẹ́, bí ẹni ń rẹ ọmọ.

"Nẹ́tíwọ̀kì Kútọnu ló tún gbé e," ni màmá mi máa ń wí. Mo gbà, torí bẹ́ẹ̀ ló máa ń rí lóòótọ́. Ohùn obìnrin náà tilẹ̀ ti ń dùn mọ́ mi.

Lówùúrọ̀ ọjọ́ kan mo rọra rìn dé yàrá màmá mi. Rédíò kékeré tí kì í kúrò létí bàbá mi wà lórí àpótí.

"Màmá, ẹ sọ ọ́ fún mi."

"Igbá náà ò tíì gbẹ, ọmọ mi."

"Ó ti gbẹ, Màmá."

Wọ́n wá sọ ọ́. Ìgbà tí mo wà ní ọsibítù ni bàbá mi kú. Àwọn ẹbí ti sin wọ́n lọ́jọ́ náà gan-an, bí ẹ̀sìn wa ti wí. Inú bí mi, ẹkún sì gbé mi. Ojú àpá náà ń ta mí bí ata, ẹ̀rù bà mí pé yóò ya.

Màmá mi dìde, wọ́n fi ọwọ́ méjèèjì gbá mi mú níhà, bí a ṣe ń gbé igbá tó kún.

"Máa sunkún," wọ́n ní. "Mo dì í mú."